Ilé Àdùnní Olórìṣà ní Ọ̀nà Ìbòkun: Ìbẹ̀rù, Òrìṣà àti Ìtọ́jú Ohun Àbáláyé ní Òṣogbo

Ọ̀nà Ìbòkun jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ó so Òṣogbo mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, nínú ìlú Òṣogbo, ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí a kọ́ ní ọ̀nà ìkọ́lé àwọn Àgùdà. Inú ilé yìí ni Susanne Wenger, ẹni tí àwọn ará Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, gbé láti ìparí àwọn ọdún 1950 títí ó fi papò dà ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 93. Ère igi àti àga gbígbẹ́ kún inú ilé náà, àwọn ojúbọ sì wà láàárín wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún àlejò láti mọ ibi tí iyàrá ìgbàlejò parí sí àti ibi tí ilé òrìṣà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé tí a ń bẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń kó wọ inú rẹ̀. Àlejò tí ó ti òkè òkun wá yóò rí òkùnkùn, àtẹ̀gùn, ojú ère tí ń wò ó, yóò sì rántí ìtàn ilé tí òkú ń rìn nínú rẹ̀ lóru. Ọmọ ìlú tí a tọ́ dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí kò ronú nípa òkú rárá. Òrìṣà ni ó ń sá fún. Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kọ nípa Òṣogbo, a da ìbẹ̀rù méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé ó bo ohun pàtàkì kan mọ́lẹ̀: ìbẹ̀rù wà lára àwọn ohun tí ó dá igbó Òṣun sí di òní, ìbẹ̀rù kan náà kò sì lè dá ilé tí ó wà ní Ọ̀nà Ìbòkun sí.

Òkú inú ilé

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìrònú nípa ilé tí òkú ń dà láàmú ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1848, ní abúlé Hydesville ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn ọmọbìnrin méjì kan, Margaret àti Kate Fox, sọ pé ẹ̀mí ẹnìkan ni ó ń kan ògiri ilé àwọn, àti pé alárìnkiri ọlọ́jà kan tí a pa, tí a sì sin sí abẹ́ ilé náà ni. Láti inú kíkan ògiri yìí ni ẹ̀sìn kan ti jáde, ẹ̀sìn àwọn tí ó gbà pé òkú ń bá alààyè sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ẹni tí ẹ̀mí ń lò. Ó tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé ńlá wọ inú rẹ̀. Arthur Conan Doyle pàápàá kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1926. Ní 1888, Margaret jẹ́wọ́ ní gbangba pé ìka ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń ta kókó, ó sì tún yí ọ̀rọ̀ padà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1916, àwọn onígbàgbọ́ ẹ̀sìn náà tú ilé Hydesville, wọ́n gbé e lọ sí Lily Dale, ibùdó wọn. Iná jó o níbẹ̀ ní 1955.

Ohun tí ó yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé òkú tí ó wà lábẹ́ ilé ni a kà sí ìṣòro. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òkú tí ó wà lábẹ́ ilé ni ó sọ ilé di ilé. Iyàrá ni a ń sin baba sí, tàbí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ojú oórì rẹ̀ ni a ti ń tọrọ ọmọ, ibẹ̀ ni a ti ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ìrìnàjò, ibẹ̀ ni a ti ń bú ẹni tí ó bá jẹ ilé run. Bí ìjà ilẹ̀ bá sì dé, a máa ń béèrè pé níbo ni wọ́n sin baba yín sí, nítorí pé ojú oórì jẹ́ ìwé ẹ̀rí ṣáájú kí ìwé ẹ̀rí tó dé. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó ní Èkó fi òfin de sísin òkú sínú ilé nítorí ìmọ́tótó, kì í ṣe òkú nìkan ni wọ́n lé jáde. Ẹlẹ́rìí ilẹ̀ ni wọ́n lé jáde pẹ̀lú.

Òkú tí Yorùbá ń bẹ̀rù ni èyí tí a kì í sin sílé: abuké, ẹni tí ó bómi lọ, ẹni tí Ṣàngó pa, aboyún tí ó kú toyúntoyún. Olúkúlùkù ni ó ní àwọn tí ń ṣe ètùtù rẹ̀ àti ibi tí a ń gbé e lọ, ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ igbó tàbí etí odò. Òkú tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé, tí ó sì fẹ́ máa bá ayé rẹ̀ lọ, kì í dúró sílé láti máa kan ògiri. Yóò di àkúdàáyà, yóò lọ sí ìlú jíjìnnà tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, yóò fẹ́ aya, yóò bímọ, yóò sì pòórá ní ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ àtijọ́ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Nítorí náà, ilé jẹ́ ti ènìyàn àti ti òkú rere. Igbó jẹ́ ti iwin, ti ọ̀rọ̀, ti ebora. Kì í ṣe èèṣì ni pé igbó ni Fágúnwà rán ọdẹ rẹ̀ lọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1938. Kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ bí ó bá jẹ́ pé iyàrá ni ó ti pàdé irúnmalẹ̀.

Ìlú tí ó wọ ilé onílé

Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo ni ó fọ́ ààlà yìí. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà, láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ti gbéra nítorí ọ̀dá omi. Ọdẹ ni Tìmẹ́hìn. Wọ́n dé etí odò Òṣun, wọ́n rí i pé omi kò lè wọ́n wọn mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé igi láti fi ṣe ibùdó. Igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tẹ̀dótẹ̀dó ṣe mọ̀ pé ẹnìkan ti ń gbé ibẹ̀, pé aláró ni, pé ó ní ilé àti ohun èlò, àti pé àwọn ni wọ́n wá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Láti inú igbe yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fa orúkọ ìlú náà yọ, pé àwọn oṣó inú igbó ni ohùn náà ń bá wí.

Ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wo ìtàn yìí, nítorí pé òdìkejì ìtàn Hydesville ni. Níbẹ̀, ẹ̀mí ni ó wọ ilé ènìyàn tí ó ń pariwo. Níhìn-ín, ènìyàn ni ó wọ ilé ẹ̀mí tí ó ń pariwo, onílé sì ké. Ohun tí ó tẹ̀ lé igbe náà kì í ṣe pé a pe ẹnìkan láti wá lé e jáde, àdéhùn ni. Òṣun gbà láti dáàbò bo àwọn àlejò, àwọn àlejò gbà láti máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, wọ́n sì kó kúrò ní bèbè odò lọ sí orí ilẹ̀ gíga tí ìlú wà lónìí. Ààfin àkọ́kọ́ ṣì ní ojú ibi tirẹ̀ nínú igbó. Oyè ọba pàápàá rántí àdéhùn náà: Àtáọ́ja, ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja lọ́wọ́ odò. Nígbà tí Arugbá bá gbé igbá lọ sí odò ní oṣù Kẹjọ, owó ilé ni ìlú ń san fún onílé.

Ìjẹ̀ṣà ni ìdílé tí ó ṣe àdéhùn yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà ni ìgbì tí ó fẹ́ fọ àdéhùn náà ti tún gbéra ní ọ̀rúndún ogún.

Iléṣà, 1930

Ní oṣù Keje ọdún 1930, ní Òkè Oòyè ní Iléṣà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ katakata ọ̀nà kí ìpè tó dé bá a ní 1928, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí kan tí ilẹ̀ Yorùbá kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́ lọ bá a láti gba omi ìyè àti àdúrà. Wọ́n kó ère àti oògùn wá, a sì sun wọ́n níná. Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kírísítì wà lára ohun tí ó ti inú ìsọjí yìí jáde.

A sábà máa ń sọ pé àwọn Aládùúrà kọ ayé ẹ̀mí sílẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ni ó sọ pé igi lásán ni ère; Aládùúrà gbà pé agbára wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ jóná. Ìran rírí, àlá, ẹ̀mí tí ń gùn ènìyàn, omi tí a yà sí mímọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó dúró. Ohun tí ó yí padà ni orúkọ: ẹni tí a ń pè ní òrìṣà lánàá di ẹ̀mí èṣù lónìí. Onílé tí a bá dá májẹ̀mú di ọ̀tá tí a ń lé.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ère tí kò bá jóná di ohun ẹ̀rù ní ọ̀nà tí kò gbà jẹ́ rí. Nígbà tí gbogbo agbo ilé ní ojúbọ, ojúbọ kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù ju bí ìdáná ṣe ń bà á lẹ́rù lọ. Ènìyàn mọ èèwọ̀ rẹ̀, ó ń pa á mọ́, ó ń jẹun ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ojúbọ kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù ní àdúgbò, tí ọmọ kékeré kò sì mọ èèwọ̀ rẹ̀ mọ́, ilé abàmì ni yóò dà lójú rẹ̀. Ilé tí a ń bẹ̀rù ní Ọ̀nà Ìbòkun kò ṣẹ̀yìn ìyípadà yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ní 1850 ni a kọ́ irú rẹ̀, kò ní sí ohun tí ó ṣe àrà ọ̀tọ̀ nínú òrìṣà rẹ̀, àfi pé ó pọ̀.

Àwọ̀ funfun nínú ilé Àgùdà

Ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ni a ti bí Susanne Wenger ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1915. Ayàwòrán ni, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Art Club sílẹ̀ ní Vienna lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ní 1950 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Ìbàdàn, níbi tí Beier ti gba iṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́jì. Kò pẹ́ tí àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a wó. Lẹ́yìn àìsàn náà, nígbà tí wọ́n ń gbé ní Ẹdẹ, ó pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. A sọ pé kò sí èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ dáadáa nígbà náà, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ ni ó ti di olórìṣà. Láti Ẹdẹ, wọ́n lọ sí Ìlobùú, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Òṣogbo. Ìgbéyàwó rẹ̀ àti Beier túká. Ní 1959 ó fẹ́ Lásísì Àyánsọlá, onílù. Beier ní tirẹ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Dúró Ládipọ̀ ní 1962, ó sì ti kúrò ní Nàìjíríà kí ogun abẹ́lé tó gbóná. Àdùnní kò lọ.

Ilé tí ó gbé yẹ fún àkíyèsí ṣáájú kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ère inú rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́lé àwọn Àgùdà, tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ga, tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀ṣọ́ sí ojú fèrèsé àti òpó rẹ̀, jẹ́ ti àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n padà wá. Ìjẹ̀ṣà pọ̀ lára wọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha tí ó kọ́ Ilé Omi ní òpópónà Kákáwá ní Èkó, ilé tí a sọ ní orúkọ yìí nítorí kànga inú rẹ̀ tí a ti ń ta omi. Láti Èkó ni ọ̀nà ìkọ́lé náà ti tẹ̀ lé reluwé àti òwò kòkó wọ inú ilẹ̀, tí ó fi di àmì olówó ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní Ìbàdàn. Ilé tí àlejò ń wò bí ilé ìgbà ìwáṣẹ̀ jẹ́ ilé ọ̀làjú ní ọjọ́ tí a kọ́ ọ: ilé àwọn tí ó ti Òkun Àtìláńtíìkì dé, kì í ṣe ilé òrìṣà. Òrìṣà ni ó wá bá a níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́lá ìlú ń kó òrìṣà jáde nínú tiwọn.

Nínú ilé yìí ni ó ti ń kun aṣọ ní ọ̀nà àdìrẹ ẹlẹ́kọ, níbẹ̀ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti bíríkìlà ti ń wọlé jáde, níbẹ̀ sì ni ó ti tọ́ àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́. Adédoyin Tàlàbí Fáníyì, ìyálórìṣà Òṣun, wà lára wọn; Ṣàngódáre Àjàlá, oníṣẹ́ ọnà aṣọ àti olùsìn Ṣàngó, wà lára wọn. Ilé tí ọmọ ti ń sunkún, tí aṣọ ń gbẹ, tí a ń dáná nínú rẹ̀ ni. Ohun tí àlejò fi ojú iwin wò, ojú ilé ni àwọn ọmọ náà fi wò ó.

Ìbẹ̀rù gẹ́gẹ́ bí ọgbà

Nígbà tí Àdùnní dé Òṣogbo, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó Òṣun kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iná níbẹ̀. Àwọn àwòrò ti ń dínkù. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó igbó àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gé igi níbẹ̀. Àwọn ọdẹ ń pa ẹran tí èèwọ̀ bò tẹ́lẹ̀, àwọn apẹja ń dẹ odò, olè ń jí ère, àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì ti ń wo igbó náà bí ilẹ̀ lásán. Ìbẹ̀rù ti lọ. Àdéhùn Láróòyè kò ní ẹlẹ́rìí mọ́ àfi àwọn arúgbó díẹ̀.

Ikán ni ó mú iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ikán ti jẹ ojúbọ Òṣun, a sì ní kí Àdùnní ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Ó bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ṣiṣẹ́: Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, káfíńtà tí ó di agbẹ́kùúta, Kàsálì Àkàngbé, gbẹ́nàgbẹ́nà, Sàká Àrẹ̀mú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ olórìṣà. Mùsùlùmí wà lára wọn, wọn kò sì fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì mọ ère tí ó ga ju ilé lọ sí àárín igi, ère olójú púpọ̀, ère tí apá rẹ̀ nà gba ọ̀nà.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ti jiyàn gan-an lórí bóyá iṣẹ́ Yorùbá ni àwọn ère wọ̀nyí tàbí iṣẹ́ Yúróòpù. Ìjiyàn náà ní èrè tirẹ̀, àmọ́ ó fojú fo ìlò tí a ṣe wọ́n fún. Ère inú ojúbọ àtijọ́ kéré. Inú ilé ni ó ń gbé, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nìkan ni ó ń rí i. Ère tuntun wọ̀nyí kọjú sí ẹni tí kò mọ òrìṣà rárá, sí ẹni tí ó gbé àáké tàbí ìwé ilẹ̀ dání. Wọ́n dá ìbẹ̀rù padà sí ibi tí ìgbàgbọ́ ti kúrò. Ẹni tí kò bọ Òṣun mọ́ ṣì lè ṣiyèméjì kí ó tó gé igi níwájú ojú ńlá méjì tí ń wò ó.

Òfin wá tì í lẹ́yìn. Ní 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, a fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ogún àgbáyé. Lónìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ igbó òrìṣà tí ó wà lẹ́yìn odi ìlú Yorùbá mìíràn ti di ilé àti ọjà, ọ̀kan lára àwọn igbó kìjikìji díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ní gúúsù Nàìjíríà ni.

Ilé tí ó wà ní Ọ̀nà Ìbòkun kò ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ààlà igbó ti wà nínú ìwé ìjọba, ọdún Òṣun sì ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá bá a lọ́dọọdún. Ilé jẹ́ ilé: òjò ń rọ̀ sí òrùlé rẹ̀, ọmọ aráyé ń ra ilẹ̀ yí i ká, igi sì ni ọ̀pọ̀ ère inú rẹ̀. Ìbẹ̀rù lè dá agégi dúró. Kò dá ikán dúró. Kódà ìbẹ̀rù lè ṣiṣẹ́ lòdì sí ilé náà, nítorí pé ẹni tí ó ń sá fún un kò ní bá a tún un ṣe, ẹni tí ó sì fẹ́ràn ère rẹ̀ nítorí iye tí yóò pa ní òkè òkun kò bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Láti ọdún 2009, àwọn ọmọ tí ó tọ́ àti ẹgbẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ó ti ń ru ẹrù náà.

Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí ilé bẹ́ẹ̀ di mùsíọ́mù pátápátá. Àbá tí ó ní láárí ni, bí ó bá jẹ́ ti òrùlé àti ti ikán nìkan. Ṣùgbọ́n ère tí ó wà nínú gíláàsì kò ní ẹni tí ń ta omi sílẹ̀ fún un ní òwúrọ̀, ilé Hydesville tí a tú gbé lọ sí ibùdó ìrántí kò sì ní ògiri tí ẹ̀mí lè kàn mọ́. Nínú ìrònú Yorùbá, ojúbọ tí a ń bọ kò ní ìṣòro kankan. Èyí tí a pa tì, tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù, tí kò sí ẹni tí ó mọ èèwọ̀ rẹ̀ mọ́, ni àwọn àgbàlagbà máa ń sọ fún ọmọdé pé kí ó má dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé Àdùnní kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì mọ orúkọ òrìṣà tí ó wà nínú iyàrá kọ̀ọ̀kan.